Òkè Tí Wọn Kì Í Fi Ebi Gùn

Gbádégẹṣin ti wẹ̀, ó ti wọ sùtánà funfun, ó jókòó láìwọ bàtà sí pálọ̀ rẹ̀ ní Upney, ní London. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Ẹni tó bá ń lọ sórí òkè, ààwẹ̀ ni í fi í gbéra. Bí ìjọ Aládùúrà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Láti ìgbà tí Ọmọ́lẹ́wà ọmọ rẹ̀ ti fi ìjọ sílẹ̀ ni bàbá kò ti jẹ oúnjẹ tí ọmọ bá sè mọ́. Bó bá gbé e wá, a ní òun ti yó. Nígbà tí ọmọ wá ní kí àwọn jọ lọ gun òkè nínú òtútù yìí, inú bàbá dùn, kò jẹ́ kó mọ̀. Ó ti gbà pé orí òkè ni ọmọ fẹ́ ti tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n búùtù, kóòtù òjò, tọ́ọ̀ṣì, máàpù àti kúlà moínmoín ni Ọmọ́lẹ́wà gbé wọlé. Ó ní òun ti sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún Catherine, ọ̀rẹ́ òun, kó lè wá ìrànlọ́wọ́ bí wọ́n bá pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà rú bàbá lójú. Ta ní í pariwo òkè tó ń lọ fáyé gbọ́? Ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà lé lórí. Ọmọ ní kò sí, wọ́n kàn fẹ́ rìn gbafẹ́ ni.

“Nínú yìnyín?”

“Nínú yìnyín, Dádì. Ẹ bọ́ sùtánà, kí ẹ jẹun. Òtútù òkè kì í fojúure wo ẹni tí ebi ń pa, ẹ sì wúwo, mi ò lè pọ̀n yín sọ̀ kalẹ̀.”

“Mo ń gbààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ àbí ìbínú?”

Bí kò bá jẹun, kò lọ. Bó bá jẹun, ìjà tó ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí bà jẹ́ nìyẹn. Ọmọ́lẹ́wà kò bẹ̀ ẹ́. Orí kunkun bàbá rẹ̀ ló jogún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù padà sínú báàgì.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan kúlà ni bàbá dì í mú. Ó ṣí i, ó jẹ ẹyọ kan, ó tún mú òmíràn. Ó dùn bíi èyí tí ìyá Ọmọ́lẹ́wà máa ń sè, kò sọ ọ́ síta. Ó bọ́ sùtánà, ó na ẹsẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀, ó ń so okùn búùtù fún un.

“Bí a bá wá dórí òkè, kí la máa sọ?”

“A ò ní sọ nǹkan kan. A máa mu tíì.”

Gbádégẹṣin mi orí. Kò tíì yé e. Ó bèèrè bóyá moínmoín máa kù tí wọ́n á fi mu tíì ọ̀hún.