Ìkúùkù Lórí Afárá

Àárọ̀ kùtù ni Evadney Philogène ti bá Alcide ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà ní èbúté Rósò ní erékùṣù wa, nítorí èrò méjì péré. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ti gúnlẹ̀, àwọn àlejò ń tú jáde, àwa awakọ̀ sì tò bí a ṣe máa ń tò. Ó ti kan Evadney. Ó ti na ọwọ́ sí ìyá arúgbó òyìnbó kan àti ọkọ rẹ̀ nígbà tí Alcide yọ láti ẹ̀yìn, tó gba báàgì ọwọ́ wọn, tó sì darí wọn sínú bọ́ọ̀sì tirẹ̀.

"Bọ̀dá, èmi ló kàn!"

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n wò ó, bàbá yìí ò lè gun bọ́ọ̀sì tìrẹ tó ga bí òkè. Ṣé kí n lọ yá àkàbà wá ni?"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Evadney ju èrò tó sọnù lọ. Alcide ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kí ni obìnrin ń wá lójú ọ̀nà òkè, bẹ́ẹ̀ Alcide náà ló tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò.

Hesketh, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, pariwo láti inú ọkọ̀ tirẹ̀ pé, "Evadney, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́ o!"

Evadney ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbàgà. Ó ti pinnu pé òun ò ní bá Alcide sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú. Ó gbé tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ó sì kọrí sí Gòj Malvina, ibi tí àlejò ti ń wẹ̀ láàárín àpáta lórí òkè.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, ọkọ̀ méjì ò sì lè pàdé lórí rẹ̀ kí ọ̀kan má fi ẹ̀yìn rìn. Àpáta méjì ló fojú kojú níbẹ̀, omi gba àárín wọn, àwọn àlejò á wẹ̀ wọ inú òkùnkùn ibẹ̀ lọ títí dé ẹsẹ̀ ìṣàn omi tó ń já bọ́ láti òkè. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá ni àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti sé odò, bí òjò bá sì pọ̀, wọ́n ní láti ṣí i, ohun tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè gbà. Fèrè ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ nígbà kan. Ìjì líle gbé e lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rà á padà, ìwé la ń kọ títí ó fi sú wa. Àwa awakọ̀ bá fi ọwọ́ ara wa rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ á na ìka sókè, iye ọkọ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni iye ìka. Ẹni ìkẹyìn á di ìkúùkù, á fi han Bàbá Tavernier tó ń ṣọ́ afárá nísàlẹ̀. Bàbá á tẹ àwọn ará òkè láago, wọn á sì ṣí omi. Ṣùgbọ́n kí ẹni ìkẹyìn tó wọ ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu àpáta, kó pariwo wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì tẹ́tí.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lórí òkè. Bí Evadney ṣe ń gun afárá lọ, Bàbá Tavernier sún mọ́ fèrèsé rẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o. Omi ti kún dé ẹnu. Àwọn tòkè ń pè mí bí onígbèsè."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó bá bọ́ọ̀sì Alcide lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tó máa ń gbé e sí. Alcide ń so ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó mọ́ ìyá arúgbó náà láyà. Ó gbójú sókè.

"Àbúrò, omi tutù lónìí o. Ṣé o jẹun?"

Evadney kọjú sódìkejì. Ó kó tọkọtaya rẹ̀ lọ sí kòtò omi kékeré tó wà nísàlẹ̀, tí kò jìn, kí òun má bàa bá ẹni náà pàdé nínú àpáta. Wọ́n lo wákàtí kan níbẹ̀. Ìyàwó náà bi í léèrè pé kí ló dé tí ẹyẹ ò ké mọ́. Evadney náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fetí sí i. Afẹ́fẹ́ ti dúró, ojú ọ̀run lókè sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rù bà á, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n gòkè dé ojú ọ̀nà, àyè Alcide ṣófo.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí àyè rẹ̀ bá ti ṣófo ti lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Evadney wo ibẹ̀, ó pòṣé. Ó ti lọ láì dágbére, àgbàyà! Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó lọ sẹ́nu àpáta, kó pariwo bó ṣe yẹ. Ìgbésẹ̀ bí ogójì péré ni. Ó tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló fẹ́ pè níbẹ̀? Ṣé ẹni tí òun ò bá sọ̀rọ̀ ni òun á máa pè bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́? Ó wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i.

Lórí afárá, ó di ìkúùkù, ó nà án jáde.

"Alcide ńkọ́?" ni Bàbá Tavernier bi í. "Mi ò rí i kó kọjá."

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Mo lọ jẹun díẹ̀, ìgbà yẹn ló máa jẹ́." Bàbá ti dàgbà, ìkúùkù awakọ̀ sì dá a lójú ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó gbé fóònù sétí.

Evadney wakọ̀ dé ìdí alágbọn, níbi tí gbogbo wa ti máa ń dúró kí àlejò mu omi àgbọn. Hesketh jókòó sórí àga, ó ń jẹ búrẹ́dì díndín pẹ̀lú ẹja oníyọ̀.

"Oníbìínú, o ti dé! Ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Ó ní òun máa ra àgbọn fún ọ, kó fi bẹ̀ ọ́."

"Ó ti ṣáájú mi."

"Ṣáájú rẹ lọ síbo? Ó ti lé ní wákàtí kan tí mo ti jókòó síbí. Alcide ò kọjá."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Hesketh wo ojú Evadney, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ Bàbá Tavernier láago, ó ń kígbe pé kí wọ́n ti omi, kí wọ́n tì í kíá. Wọ́n tì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde.

Wọ́n fi tọkọtaya náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbọn, wọ́n sá padà nínú ọkọ̀ Evadney. Ní gbogbo kọ́nà ló ń tẹ fèrè, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún. Kí ó tó pa ọkọ̀, ó rí bọ́ọ̀sì Alcide lẹ́yìn ahéré àtijọ́, lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, nínú ibòji. Báàgì oògùn bàbá arúgbó náà wà lórí ìjókòó iwájú; kí oòrùn má bàa ba oògùn náà jẹ́ ni Alcide ṣe gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Omi tó ń tú jáde láti àárín àpáta ti pọ́n bí amọ̀, ó ń gbé odidi igi. Evadney dúró lẹ́nu rẹ̀, ó pariwo, "Bọ̀dá! Bọ̀dá Alcide!" Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò níye. Ohùn kan dáhùn. Ohùn obìnrin ni.

Ìyá náà àti ọkọ rẹ̀ wà lórí pèpéle àpáta kan lókè omi, wọ́n dì mọ́ra wọn. Hesketh ju okùn sí wọn, òun àti Evadney sì fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Alcide ló ti wọn gòkè síbẹ̀. Àyè ẹni kẹta ò sí.

Kò pẹ́ tí fóònù Hesketh dún. Ó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Tavernier ti rí Alcide nínú omi láti orí afárá, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́.

Evadney kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ìyá náà ń gbọ̀n. Kò mọ ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Omi kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà díẹ̀," ló wí. "Mo ní ká sá jáde. Awakọ̀ wa rẹ́rìn-ín, ó ní ká rọra máa bọ̀, nítorí orúnkún ọkọ mi. Ó ní wọn ò lè tíì ṣí omi, pé àbúrò òun obìnrin wà níta, kò sì ní lọ láìpe òun."