Obì Ọ̀sán Ààwẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Abdulmumini ti ń jẹ obì, Barakah ìyàwó rẹ̀ sì ti fọ háńkáṣíìfù tí itọ́ obì sọ di pupa títí ó fi sú u. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀ rèé, oòrùn ọ̀sán wà lókè gangan, háńkáṣíìfù tó yọ lápò jàlàbíà ọkọ rẹ̀ sì pupa, kò tíì gbẹ.

Inú bí Barakah, ojú sì tì í. Ọkọ rẹ̀ ló ń ké Kùránì níbi tàfúsírì àdúgbò wọn lẹ́yìn Ọjà-Ọba, kí àlùfáà tó túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń yọ́ obì jẹ lọ́sàn-án ààwẹ̀! Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó bá a ní yàrá, ó tẹ́ háńkáṣíìfù náà síwájú rẹ̀, ó bi í bóyá kò mọ̀ pé Ọlọ́hun ń wo òun.

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Mo jẹ obì. Má bínú."

Ibẹ̀ gan-an ni àyà Barakah ti já. Abdulmumini tí ibà dá dùbúlẹ̀ lésìí, tí wọ́n ní kó ṣínu, tó kọ̀ jálẹ̀, ṣé òun ló máa torí obì ba ààwẹ̀ jẹ́? Irọ́ ni. Ó gbé háńkáṣíìfù náà símú, kò rùn bí obì rárá. Ó wá rántí ọ̀fìnkìn àti ikọ́ tó kárí ilé nígbà ọyẹ́. Ọ̀fìnkìn bàbá yìí ti lọ. Ikọ́ rẹ̀ kò lọ, ó kàn ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu wú u ni. Ẹ̀rù ba Barakah gidi.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá Hidayat."

Ohùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ wá di wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ikọ́ ife ni, ta ni yóò tún jókòó ti òun lórí ẹní?

Ó ní, "Ẹni tó jẹ obì á túúbá. Ikọ́ ife ń kọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń túúbá rẹ̀?"

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ sí ọsibítù, Barakah sì ń bá a wí títí wọ́n fi kọjá Post Office. Ó ní ẹni tó bo àìsàn mọ́ra ń ṣìkà sí ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tó Hidayat ọmọ wọn lọ́jọ́ orí, ní kí wọ́n má tíì fún àìsàn náà lórúkọ. Ikọ́ tó pẹ́ lè dá egbò sí èèyàn láyà, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti fọ́tò àyà ni yóò sọ ọ́. Ó wá béèrè bóyá ẹlòmíràn ń wúkọ́ nílé.

Barakah ti la ẹnu láti sọ pé kò sí. Gbogbo ohun tó sọ nínú kẹ̀kẹ́ padà sí i létí.

"Èmi náà," ló wí. "Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì."

Abdulmumini yíjú sí i. "Ẹ̀jẹ̀ ń kọ́?"

"Kò tíì sí."