Sáfà Abẹ́ Tábìlì

"Mummy, sáfà yẹn dà?"

Asiata ò tíì ní kí ọmọbìnrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ wá jókòó tó fi béèrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́ ju wáyà àti eruku lọ.

"Kí ló ń jẹ́ sáfà?"

"Kọ̀ǹpútà Mùíz. Èyí tó máa ń wà níbí, tó máa ń hó."

Màrdíyyàh ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Ọsibítù ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ arọmọléegun, ni òun àti Mùíz, ọmọ Asiata, ti mọra. Nígbà tí Mùíz kú, ó wá bá wọn dárò, àmọ́ àìsàn náà ló tún dá òun alára dúbúlẹ̀, kò tíì lè padà wá láti Ilemona tó ń gbé títí di òní.

"Mo ti fi ṣe sàárà," Asiata dá a lóhùn. "Nígbà àdúà ogójì ọjọ́. Mo gbé e fún Ààfáà Kamaldeen, kí àwọn ọmọ ilé-kéwú lè máa fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kí láádá ẹ̀ lè máa tọ Mùíz lọ."

Màrdíyyàh dìde dúró. "Ó dáa, Mummy. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì pa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, àbí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Géèmù ló kún inú ẹ̀. Ṣé kí àwọn ọmọ kéwú wá máa gbá géèmù lórí ẹ̀, kó di ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ mi lọ́rùn nínú sàréè?"

Ọmọbìnrin náà jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Kò sunkún, wáyà abẹ́ tábìlì ló ń wò. Asiata rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ohun tó ṣe.

"Mummy, géèmù yẹn, ìlú kan ni, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà," Màrdíyyàh sọ. "Ohun tó wà lórí fóònù wa, ọ̀nà tá a fi ń wọlé lásán ni. Inú sáfà yẹn ni ìlú fúnra ẹ̀ wà. Ẹ mọ̀ pé àwa tá a ní àìsàn yìí ò lè sáré, a ò lè gbá bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀, a máa ń sáré. Bí egungun bá ń ro ẹnì kan tí kò lè sùn, á wọlé síbẹ̀, á bá ẹlòmíì tí kò sùn náà. Mùíz ló dá a sílẹ̀, òun ló ń tọ́jú ẹ̀. Mo rò pé bí kò ṣe ṣí mọ́ yìí, iná ló tán. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, kí n lè wá tàn án."

Iná. Asiata mọ ọ̀rọ̀ iná yẹn dáadáa. Òun àti Mùíz kò yéé jà lé e lórí. Mùíz kì í jẹ́ kó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná sólà, nítorí kọ̀ǹpútà. Kì í jẹ́ kó gbálẹ̀ sápá ibẹ̀, nítorí eruku. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan ni ọmọ náà fi máa ń gbá inú ẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa fẹ́ ẹ lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ tuntun. Á wá ní, "Mummy, ẹ wá wò ó, mo kọ́ nǹkan kan fún yín." Òun á ní, "Jẹ́ n parí búbà yìí ná." Búbà á parí, òmíràn á dé.

"Ó ní òun kọ́ nǹkan kan fún mi," Asiata wí. "Kí ló kọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Ó kọ́ ọ sétí odò, lábẹ́ òkè. Ó kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀ pé, 'Mummy wà nílé.' Gbogbo wa tá a bá ń kọjá la máa ń kí yín."

Asiata fi gèlè borí, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán nígbà tí òun àti Màrdíyyàh dé ilé-kéwú. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì níwájú, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Inú Ààfáà Kamaldeen dùn débi pé ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé àga fún wọn.

"Alhaja, mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí," ó ní. "Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún un tò láti ìpìlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ò kù níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń fi kọ orúkọ ara wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án ni wọ́n ń ṣàdúà fún Mùíz."

Màrdíyyàh la ẹnu pé kó sọ̀rọ̀. Asiata gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Ààfáà," ó ní. "Mo kàn ní kí n yà wò ó ni."

Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Màrdíyyàh tó béèrè ìdí tí kò fi sọ fún un.

"Kí n sọ kí ni? Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹnu mi náà ló sì ti bọ́." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á, láàárín títì ní Ọwọ́dé, lójú gbogbo ayé. Kò sunkún báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n sin Mùíz, torí lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló gbà á. Èyí, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ṣe é. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bí ìyá tó fi ire ba ire jẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Màrdíyyàh padà wá. Ó gbé láàpútọ́pù àtijọ́ kan dání, èyí tí bátìrì ẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń lò.

"Mummy, ohun kan wà tí mo rántí," ó ní. "Kí sáfà tó dá ìlú sílẹ̀, ó máa ń gba nọ́ńbà kan. Inú nọ́ńbà yẹn ni ilẹ̀ ti ń hù: òkè, odò, igbó, gbogbo ẹ̀. Tá a bá fún láàpútọ́pù yìí ní nọ́ńbà kan náà, ilẹ̀ kan náà ló máa jáde. Ilé tí èèyàn kọ́ síbẹ̀ nìkan ni kì í padà."

"O wá mọ nọ́ńbà tó lò?"

"Nọ́ńbà fóònù yín ni."

Asiata dìde. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná sólà, ó fi ojú júwe ibi tó máa ki wáyà bọ̀ fún Màrdíyyàh. Abẹ́ tábìlì náà ni wọ́n gbé láàpútọ́pù sí. Màrdíyyàh tẹ nọ́ńbà náà sí i, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Màrdíyyàh mú fóònù ẹ̀ jáde, ó wọlé síbẹ̀, ó sì fi han Asiata. Koríko ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà òkè, lẹ́yìn náà odò. Ó rìn títí ó fi dé etí omi, ó dúró.

"Ibí ni."

"Ibí gan-an?"

"Ẹnu ọ̀nà yín la dúró sí yìí."

Koríko lásán ni. Sàréè Mùíz náà rí bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ nǹkan kan lé e.

"Ṣé kí n tún un kọ́?" Màrdíyyàh béèrè.

"Rárá. Tó o bá kọ́ ọ, ìwọ lo kọ́ ọ. Ẹ kọ́ tiyín síbòmíì, kẹ́ ẹ fi ibí sílẹ̀ bó ṣe wà." Asiata fi etí gèlè nu ojú. "Pe àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni Ọlábámijí, ọ̀kan lára wọn láti ìlú Òjòkú. Eré ló ń sá látòkè bọ̀, ó la koríko já tààrà wá sétí odò, ó dúró níbi tí kò sí ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì yọ nísàlẹ̀ fóònù: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy.

"Ta ló máa ń dá wọn lóhùn?" Asiata béèrè.

"Mùíz ni. Ó máa ń ní, 'Ẹ káàbọ̀, ẹ rọra máa sáré.'"

Asiata gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé awò ojú tó fi ń ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ wọ̀, ó sì fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà àkọ́kọ́.