Abọ́ Ẹja Tó Wà Lára Ìkélé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá pọn ọmọ, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí òun náà lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Pil-lye ni, ní Tongyeong létí òkun, ní ilẹ̀ Kòríà wa níbí, lọ́jọ́ tó pé ọgọ́rin ọdún, tí àwòrán kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká mọ́ wọn lórí.

Seo-rin, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ya àwòrán náà. Ọmọ yìí ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwòrán àtijọ́, irú èyí tí àwọn ará àná ń yà láti fi tọrọ ire: òdòdó ńláńlá fún ìyàwó, ẹja fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹkùn láti lé ibi lọ. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi ya ìkélé alábala mẹ́jọ tó ṣeé ká, èyí tí à ń nà dúró sẹ́yìn ẹni tí à ń ṣe ayẹyẹ fún. Pẹpẹ ìwé ló yàn láti yà. Ó tẹ́ bébà lé àwòrán àwọn àgbà, ó tọ ìlà wọn, ó fi gúlù awọ màlúù po àwọ̀, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí ó fi mu. Pẹpẹ wà bí pẹpẹ àná ṣe rí gẹ́lẹ́. Ohun tó tò sórí rẹ̀ ló yàtọ̀. Kò sí ìwé ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, kò sí ìkòkò ọlọ́lá. Ìkòkò ìrẹsì oníná ló wà níbẹ̀, fáànù, bàtà rọ́bà, fóònù Ìyá àgbà tí wọ́n fi okùn rọ́bà dè, àti láàárín gbùngbùn, abọ́ páànù ńlá kan tí ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ kún dẹ́nu. Abọ́ yẹn ni Ìyá àgbà gbé sórí kiri fún ọgbọ̀n ọdún.

Ohun kan ṣoṣo ni Seo-rin ń fẹ́: kí Ìyá àgbà jókòó síwájú ìkélé náà, kí gbogbo ẹbí forí balẹ̀ kí i níbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, Byeong-ho, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọlé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, táì ti fún un lọ́rùn pinpin. Ó wo ìkélé, ó tún wò ó.

"Ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ni, àbí ìpolówó ọjà rèé?"

"Àwòrán pẹpẹ ìwé ni, Bàbá."

"Ìwé dà?"

"Ìyá àgbà ò kàwé, Bàbá. Ohun tí wọ́n fi ayé wọn ṣe ni mo tò síbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé wọn ò kàwé. Ṣé kí gbogbo àwọn tá a jọ ṣe ọ̀gá ilé ìwé náà wá kà á lára ìkélé ni?"

Hyang-ran, ìyàwó rẹ̀, yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ ewé òkun lọ́wọ́. "Bàbá Tae-o, ẹ jẹ́ ká jẹun ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò."

"Ìwọ máa bu ọbẹ̀ ẹ." Ó kọjú sí Seo-rin. "Mo yá ìkélé olódòdó kan wá, ó wà nínú ọkọ̀. Ká eléyìí kúrò."

 Seo-rin ò kọ ohun tí bàbá yìí bá sọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. "Mi ò ní ká a, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Ìyá àgbà rí i ná. Tí wọ́n bá ní àwọn ò jókòó síwájú ẹ̀, èmi fúnra mi ni maa ká a, mi ò sì ní fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́."

 Níbi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn àlejò. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé méjì ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ilẹ̀kùn yàrá Ìyá àgbà dún. Byeong-ho ò rò ó. Ó ki ìkélé náà mọ́lẹ̀ létí méjèèjì, ó yí i padà, ó kọjú àwòrán sí ògiri.

Ojú funfun ló wá kọ sí ilé. Funfun báláú, láìsí ìlà kan.

Ojú méjì ni ìkélé ní lọ́dọ̀ wa. Ojú aláwọ̀ ni ti ayọ̀. Ojú funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń tẹ́ òkú sí.

Ṣíbí Hyang-ran dúró lókè. Àlejò kan ti bọ́ bàtà kan, kò lè bọ́ èkejì. Byeong-ho rí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ di eérú, kò sì lè mira.

Ìyá àgbà jáde nínú aṣọ sílíìkì aláwọ̀ òdòdó. Ó wo ojú funfun yẹn, ó wo oúnjẹ tó tò síwájú rẹ̀, ó wá wo àkọ́bí rẹ̀.

"Byeong-ho, ìgbà wo ni mo kú?"

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń bèèrè ni, torí ebi ń pa mí. Dá a padà."

Ó dá a padà. Ó kánjú débi pé igun ìkélé gbá tábìlì. Ìyá àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, abala kan lẹ́yìn èkejì.  Nígbà tí ìyá náà dé ibi abọ́, ó tẹ̀ síwájú, ó na imú sí i bí ẹni fẹ́ gbóòórùn.

"Ta ló ni abọ́ yìí?"

"Tiyín ni, Ìyá àgbà."

"Kì í ṣe tèmi."

 Byeong-ho ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ká ìkélé. "Mo sọ fún un, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé olódòdó wá."

"Dúró ná. Abọ́ yìí mọ́ jù ni. Tèmi lu létí, ọ̀dà ni mo fi dí i. Apá ibo ni ihò yẹn tiẹ̀ wà?"

Byeong-ho fi ọwọ́ sílẹ̀ lára ìkélé.

"Apá òsì," ni Byeong-ho sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo là á mọ́ òkúta."

"O ní ajá ló dà á nù."

"Irọ́ ni, Màmá. Ẹ gbé e kọjá lẹ́nu géètì ilé ìwé wa lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde."

Àwọn àlejò ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ǹ bá máa gba etíkun."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà á. Ọ̀nà etíkun jìn, ẹrù yín sì wúwo."

Ìyá àgbà yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Seo-rin, búrọ́ọ̀ṣì ẹ dà? Gbé e fún ẹni tó mọ ibi tí ihò wà."

Byeong-ho kúnlẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó fi àwọ̀ dúdú kan etí abọ́ náà lápá òsì. Àmì náà wọ́, ó sì tóbi. Seo-rin gba búrọ́ọ̀ṣì padà.

"Bó ṣe tóbi nìyẹn," ni Ìyá àgbà wí. "O lágbára nígbà yẹn." Ó wá jókòó sórí tìmùtìmù, ó fẹ̀yìn sí ìkélé, ó gbé orin ìkiri rẹ̀ sókè lójú àwọn ọ̀gá ilé ìwé:

*Ẹja wẹ́wẹ́ rèé, ẹ wá rà á o,*
*òkun ló bí i, oòrùn ló sá a;*
*ìyàwó ilé, gbé àwo ẹ jáde,*
*kí ọkọ ẹ má jẹ ìrẹsì lásán.*

Byeong-ho ló kọ́kọ́ forí balẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó gbórí. Seo-rin forí balẹ̀ tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omijé. Ọbẹ̀ ti fẹ́ tutù, Hyang-ran tún gbé e kaná. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ìgbín òkun àti ẹja yíyan, àlejò kan bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìtijú. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, kálukú di àkàrà ìrẹsì tirẹ̀ sínú bébà, wọ́n wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba ilé lọ, ikùn wọn kún, ara tù wọ́n.