Àádọ́ta Ìṣẹ́jú

Aránṣọ náà gbé àpò rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e padà. Akọ̀wé tó ń gba ìwé ìrìnnà ní pápákọ̀ òfuurufú wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, kò wúwo jù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó la máa lò lókè?"

"Wákàtí kẹ̀? Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni. Kí kùrukùru yìí ṣáà ká."

Irinwó kìlómítà ni láti ìlú ńlá yìí dé abúlé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ ilẹ̀ fi ń rìn ín, bí odò kò bá kún. Ọdún méje ló ti ń sọ ọ́ lórí fóònù: "Bàbá, ọ̀nà yẹn ló jìn." Kò sí ìjà láàárín wọn; iṣẹ́ kan kàn ń lé òmíràn ni. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré yìí sì ti ń ná ibẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Kò béèrè rí.

Àná ni àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin pè é. "Bàbá rẹ ṣubú, kò sì jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Bí o bá fẹ́ bá ohùn lẹ́nu rẹ̀, má gba orí ilẹ̀."

Kùrukùru kò ká. Ó jókòó, ó dìde. Oníbàárà kan pè nítorí aṣọ ìgbéyàwó. Kò gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú etí aṣọ ara rẹ̀, òun tó máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ wí lórí irú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí kùrukùru bá dá a padà, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Èrò náà tù ú lára, ojú sì tì í. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tó ogún ọdún, òtítọ́ kò sì nílò odindi ọjọ́ kan.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbéra, èrò mẹ́fà péré. Kò tíì jókòó dáadáa tí òkè fi ń yọ lábẹ́ wọn. Kò tíì to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tán tí wọ́n fi balẹ̀.

Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní yàrá, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere. Aránṣọ kúnlẹ̀.

"Ìgbà wo lo kúrò nílé?"

"Ìjẹta" ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Àárọ̀ yìí ni, Bàbá. Ọkọ̀ òfuurufú ni mo wọ̀. Kò ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ."

Bàbá wo àjà. "Mo máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn tó bá ń kọjá," ó ní. "Ọjọọjọ́ Ẹtì."

 Ibẹ̀ ni ìyá kan láti ilé kejì ti yọjú, tó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ọmọ yín ará ìlú ńlá nìyí? Ó mà tún rántí ilé."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bá a wí. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ọjọ́ méjì ló fi rìn kó tó débí."

Ìyá náà rọ̀, ó kí i kú ìrìn. Aránṣọ dá a lóhùn láìgbé orí sókè. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó wá mọ ẹni tó ti ń bá òun ru irọ́ náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.