Adé Tó Dorí Kodò

Màámi ní àwọn ò ní fi mí fún ọkùnrin tó ń bá àwo sọ̀rọ̀.

Ọdún 1964 ni, ní Ìlọrà. Olúkáyọ̀dé, àfẹ́sọ́nà mi, tíṣà ni ní Fìdítì, sítáǹpù àtijọ́ ara lẹ́tà ló sì máa ń kó jọ. Màámi gbé ọsàn lọ fún un. Wọ́n bá a níbi tó ti da sítáǹpù kan dojú bolẹ̀ nínú àwo dúdú, tó ń kán epo mọ́tò sí i lẹ́yìn, tó sì ń pariwo pé, “Adé ti yọ!” Wọ́n gbé ọsàn wọn padà wálé.

“Ìbíyẹmí, kò sí ìyàwó mọ́. Ọkùnrin yẹn ń ṣe nǹkan.”

“Ṣé ẹ bi í léèrè ni?”

“Kí n bi àwo léèrè?”

Mo ní bí wọn ò bá jẹ́ kó wá sọ tẹnu ẹ̀, màá kó ẹrù mi lọ bá a láìsí ìdáná. Wọ́n ní ẹnu mi ni yóò pa mí. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé mi délé ọkọ ná.

Olúkáyọ̀dé wá, tòun ti àwo. Màámi gbé ìgò omi àdúrà jáde.

“Epo tí ò ń kán yẹn loògùn. Omi Olúwa la ó lò lónìí. Bó bá jẹ́ ti Sátánì, kò ní lè yọjú.”

Wọ́n gbàdúrà títí orúnkún fi ń ro mí, wọ́n wá kán omi sẹ́yìn sítáǹpù náà. Adé kékeré yọ nínú ìwé, kedere, pẹ̀lú lẹ́tà C àti A lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Màámi, omi tiyín náà ti doògùn nìyẹn.”

“Panu dé!” Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. “Kí ló dé tí adé dorí kodò? Àmì burúkú ni. Yí i, kó nàró.”

Olúkáyọ̀dé yí i, ó wá fi ojú rẹ̀ hàn wọ́n. “Adé ti nàró, Mà. Ọba Jọ́ọ̀jì tó wà lójú sítáǹpù ló wá dorí kodò yìí.”

Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Bí adé bá nàró, ọba a ṣubú.

“Ta ló ṣe irú èyí?”

“Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó ni, Mà. Adé ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó tẹ ọba sójú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ayédèrú. Ẹni tó ki ìwé bọ ẹ̀rọ ló kì í sódì. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n; ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí.”

“Òyìnbó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Òyìnbó tó ní a ò mọ nǹkan í ṣe?”

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. “Adé ọba tiwọn! Wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà!” Wọ́n nu ojú. “Ní kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n fi eléyìí sílẹ̀, kí n lọ fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.”

Olúkáyọ̀dé wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ léyín. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ máa mú un lọ, Mà,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.