Tọ́ọ̀ṣì Méjì ní Ilé Sinimá

“Ẹ jókòó! Mo ní kí gbogbo yín jókòó!”

Kò sí ẹni tó dá Ọláyíwọlá, ẹni tó ń ṣọ́ ilé sinimá, lóhùn. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ilé sinimá sì ṣókùnkùn birimù. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé húkọ́ díẹ̀, ó kú, èéfín rẹ̀ sì gba àlàfo fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ dúdú dí wọlé. Ọmọ kan gbóòórùn rẹ̀, ó figbe ta: “Ilé ń jó o!” Ilé kò jó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wá wo sinimá ọdún Iléyá ti ń gun orí àga, wọ́n ń ti ara wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Níta, oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín ní Mushin. Nínú ibí, èèyàn ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ìdí aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ni Ọláyíwọlá wà, níbi tó ti ń lé àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ padà sórí àga. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà, òdìkejì pátápátá ló wà, ó sì tóóró; inú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí, àwọn ọmọ tó ń tì í kò sì jẹ́ kó ṣí. Motọ́lání, ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tuntun lọ́wọ́.

“Motọ́lání! Tan tọ́ọ̀ṣì!”

“Kò tàn, Bọ̀dá! Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn! Ọmọ kan ti ṣubú síbí o! Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!”

 Ọláyíwọlá mọ ohun tí kò jẹ́ kó tàn.

Tọ́ọ̀ṣì ńlá ni tọ́ọ̀ṣì náà. Rọ́bà dúdú ló bo ara rẹ̀, omi kì í wọ̀ ọ́, bó já bọ́ kì í fọ́. Alhaji Àlíyù tó ni ilé sinimá ló rà á ní ọjà Sábó. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló ń lò, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ni bátìrì ti di ọ̀wọ́n gógó. Síbẹ̀ Motọ́lání àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa tan án síra wọn lójú lọ́sàn-án gangan, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ọláyíwọlá ò lè rí ohun tó ń ṣòfò kó mójú kúrò. Nítorí náà, láràárọ̀, ó ń dojú méjì nínú àwọn bátìrì náà kodò, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ má rí iná kankan. Bí sinimá alẹ́ bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tún wọn tò. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n òní ọdún ni, ọ̀sán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sinimá. Ó gbàgbé.

“Yí bátìrì padà!” ló ń ké. “Méjì wà lódìkodì!”

Ariwo bo ohùn rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ yọ. Tọ́ọ̀ṣì onírin gígùn ni, dídán ara rẹ̀ ti ṣí tán, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ló fi so ìdí rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ti rẹ̀. Láàárọ̀ ló ṣì sá wọn sóòrùn kí wọ́n lè tún lágbára díẹ̀. Ó tan án sí àwọn ọmọ náà lórí. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú ló yọ.

“Ẹ wò ó! Iná ti dé ọ̀dọ̀ wa!” ni ọmọkùnrin kan ké, wọ́n sì tún ti ara wọn gìrìgìrì.

Ọláyíwọlá yí iná náà kúrò lára wọn kíá. Ara aṣọ funfun ló bọ́ sí, ó sì rí roboto níbẹ̀ bí òṣùpá. Àwọn ọmọ mélòó kan tó wà lẹ́yìn bojú wẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n sanwó wá wò, ara aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń wò ó.

Ó rí i pé wọ́n wẹ̀yìn. Òun tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ká ìka ọwọ́ kejì kò síwájú iná náà. Òjìji orí ajá yọ lára aṣọ, ó tóbi bí ilé. Ó ń lanu, ó ń panu dé.

“Wáù! Wáù!” ni Ọláyíwọlá gbó. 

“Háà, ajá!”

“Ajá kọ́, ewúrẹ́ ni jàre!”

“Bọ̀dá, etí rẹ̀ kejì dà?”

“Ẹni tó bá jókòó ló máa rí etí rẹ̀ kejì,” ni Ọláyíwọlá fèsì. “Wáù!”

Ẹ̀rín sọ. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí wọ́n ti ń jókòó, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá ń padà wá wòran. Ariwo lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ọwọ́ rẹ̀ ti ń pọ́n sí i, ó ń kú lọ.

“Motọ́lání,” ló wí, kò pariwo mọ́, “tú ìdí tọ́ọ̀ṣì. Da bátìrì sọ́wọ́. Fọwọ́ wá orí wọn, kí gbogbo orí kọjú síwájú.”

Wọ́n gbọ́ bí ìdí tọ́ọ̀ṣì ti ń dún. Wọ́n gbọ́ nǹkan tó já bọ́, tó yí gbirigbiri lọ.

“Ọ̀kan ti bọ́, Bọ̀dá!” Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀.

“Wá a. Má kánjú.”

“Bọ̀dá, ajá ti ń sùn o,” ni ọmọ kan wí nígbà tí òjìji náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́.

“Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má pariwo, kó má bàa jí.”

Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ kú.  Lójijì, iná funfun kan là láti ẹnu ọ̀nà, ó mọ́lẹ̀ kedere dé òkè àjà. Lábẹ́ rẹ̀, Motọ́lání ń fa ọmọbìnrin kékeré kan dìde láàárín bàtà tó kún ilẹ̀.

Ìlà kan lẹ́yìn òmíràn ni àwọn ọmọ ń jáde. Ẹni tó ṣubú ń jẹ́ Lateefah. Ó ń sunkún, ó ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wú. Lórí bẹ́ǹṣì ìta, Motọ́lání fi gèlè rẹ̀ gbé ọwọ́ náà kọ́ ọmọ náà lọ́rùn.

“Ọjà burúkú ni wọ́n tà fún mi ní Sábó,” ni Alhaji Àlíyù wí, ó ń nu ojú rẹ̀. “Bí òbí kankan bá béèrè, ohun tí a ó sọ nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì ni ò dáa.”

Motọ́lání ò wo Alhaji. Ọláyíwọlá ló ń wò.

“Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé méjì ló wà lódìkodì?”

“Èmi ni mo yí wọn.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi. Mo rò pé mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ.”

“Mi ò sọ fún ẹ.”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!” ni Alhaji jágbe. “Ta ló bi yín? Ọláyíwọlá, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé sinimá mi pa ni? Ẹnu kan la ó fi sọ̀rọ̀!”

 Ọláyíwọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

“Ilé yín dà?”

“Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.”

“Gun ẹ̀yìn mi. Rọra.”

Àṣàkẹ́, ìyá ọmọ náà, ń din ẹran ọdún lójúde nígbà tí wọ́n dé. “Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ bá wa jẹ—” Ó rí gèlè tó wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Lateefah! Kí ló ṣe ọ́?”

“Ọwọ́ ló fi ṣèṣe, ìyá Lateefah. Ilé ìwòsàn ló kàn, mo sì fẹ́ bá yín lọ. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé sinimá. Wọ́n lè sọ fún yín pé tọ́ọ̀ṣì ni ò dáa. Tọ́ọ̀ṣì dáa. Ọwọ́ mi ni ẹ̀bi wà.”

 Obìnrin náà yí iná sítóòfù sílẹ̀ títí tó fi kú, ó gba ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn Ọláyíwọlá, ó fa ìborùn tó wà lórí okùn.

“Ẹ máa sọ ọ́ bí a ti ń lọ,” ló wí.

Ó ṣáájú. Ọláyíwọlá tẹ̀ lé e, ó ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ohunkóhun.